Ìyá Àgbà Tó Wà Lára Ìgò Ọtí Dúdú

Obìnrin tí ẹ ń rí lára ìgò ọtí dúdú oníkọfí tó gbòde ní Ilé-Ifẹ̀ báyìí, ìyá tó bí ìyá mi ni. Òun ló wé gèlè funfun yẹn, tó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé gíláàsì lórí tábìlì. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán náà pé, "Ìyá Ọlọ́tí Dúdú ti tọ́ ọ wò." Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, irọ́ sì pọ̀ níbẹ̀. Èmi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ya àwòrán náà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni mo jókòó sí. Ó ti kú báyìí, kò lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀, ẹnu rẹ̀ ló fi di èèyàn nílùú yìí. Kò kàwé, kò kọ́lé, kò joyè kankan ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tí ó bá ní nǹkan dáa, ó dáa nìyẹn. Tí wọ́n bá wá fi ẹnu yẹn purọ́ lẹ́yìn rẹ̀, kí ló kù tí à ń pè ní tirẹ̀?

N ò ní sọ ìtàn ayé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin o. Mi ò mọ púpọ̀ nínú rẹ̀, òun náà kì í sì í sọ. Èyí tí mo mọ̀ ni mo fẹ́ sọ, bó bá ṣe ń wá sí mi lọ́kàn.

Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ló ní lójú ọ̀nà tó lọ sí Mayfair, ibẹ̀ náà ni mo ń jókòó sí títí di òní. Ọmọ Ifẹ̀ pọ́ńbélé ni. Èdè Ifẹ̀ ló ń bá wa sọ nílé, àmọ́ tí oníbàárà bá ti wọlé, á yí ohùn padà. Ọtí dúdú nìkan ló ń tà. Tí ẹnì kan bá béèrè bíà, á fi ọwọ́ hàn án pé kó sọdá sí òdìkejì títì. Nígbà kan, ọkùnrin kan tó wọ kóòtù wọlé, ó béèrè mínírà. Ìyá wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ṣé wọ́n ní à ń sọmọ lórúkọ níbí ni?"

Kò sí kíréètì kan tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù náà láìjẹ́ pé ó tọ́ ọ wò. Tí ọkọ̀ ọlọ́jà bá ti dé, àwọn ọmọkùnrin tó ń já a máa dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá á dìde, á lọ fa ìgò kan yọ láàárín, kì í mú ti ẹ̀gbẹ́, kì í mú ti òkè. Kò ní jẹ́ kí wọ́n kì í bọ yìnyín. Ó ní òtútù máa ń pa ahọ́n lẹ́nu mọ́ ni. Á da díẹ̀ sínú gíláàsì, á gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Ọtí náà á dúdú bí ìdí ìkòkò, àmọ́ tó bá jẹ́ ojúlówó, ẹ óò rí i pé etí rẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Á wo bó ṣe ń hó. Á gbọ́ òórùn rẹ̀, ẹnu rẹ̀ á là díẹ̀. Á wá bù ú sẹ́nu, á dá a dúró sábẹ́ ahọ́n, ojú ẹni tó gbé e wá ni á sì máa wò ní gbogbo àkókò yẹn. Lẹ́yìn náà á gbé e mì. Bó dáa, bó bàjẹ́, ohun tó bá bù ló máa ń gbé mì. Mo bi í nígbà tí mo wà lọ́mọdébìnrin pé kí ló dé tí kì í mú un tutù bíi ti gbogbo èèyàn. Ó ní, "Ìgbà tó bá lọ́wọ́ọ́rọ́ ló máa ń jẹ́wọ́."

Ibi tí mò ń lọ gan-an ni mo dé yìí, ẹ fara balẹ̀. Tí ọtí náà bá dáa, Ìyá á fi gíláàsì sílẹ̀ ní ìdúró, á ní, "Ẹ gbé e wọlé." Tí kò bá dáa, á dojú gíláàsì bolẹ̀ lórí tábìlì, á padà sórí àga rẹ̀. Kò ní sọ nǹkan kan. Àwọn ọmọkùnrin náà á tún kíréètì wọn gbé sọ́kọ̀. Mo rántí dírébà kan tí kò mọ̀ ọ́n, tó ń pariwo lójú títì.

"Ìyá, kí ló ṣe é? Kí la fi ṣẹ̀ yín?"

Ìyá ní, "Mo ti sọ̀rọ̀."

"Ẹ ò sọ nǹkan kan! Ẹ jókòó ni! Ṣé ẹ fẹ́ kí n sọ fún ọ̀gá mi pé ẹ jókòó?"

Ìyá ò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Wo orí tábìlì."

Èmi gan-an, ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tó ń wá nínú ọtí náà. Mo rò pé kíkorò rẹ̀ ni kò fẹ́. Lọ́jọ́ kan tó ní kí n tọ́ ọ wò, mo yọ ahọ́n síta, mo ní ó ti bàjẹ́. Ó gba gíláàsì lọ́wọ́ mi, ó tọ́ ọ wò fúnra rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Kì í sábà rẹ́rìn-ín, ìdí tí mo fi rántí nìyẹn. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, kíkorò ni iṣẹ́ rẹ̀. Kíkan ni àìsàn rẹ̀."

Alfa kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa, ará Ìwó, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú. Òun àti Ìyá kò fẹ́ràn ara wọn rí. Kíréètì ló dá ìjà sílẹ̀. Alfa ní ó ń dí àwọn ọmọ kéwú lọ́nà, Ìyá ní ariwo àwọn ọmọ kéwú ń lé oníbàárà. Wọ́n jà débi pé baálẹ̀ àdúgbò ní kí àwọn méjèèjì lọ jókòó. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo fojú mi rí: tí wọ́n bá gbé oyin wá fún Alfa láti oko, ọ̀dọ̀ Ìyá ló máa ń gbé e wá kó tó sanwó. Á dúró síta, kò ní tẹ ẹsẹ̀ wọ inú ṣọ́ọ̀bù, á na ọwọ́ wọlé.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tọ́ ọ wò bóyá wọn ò fi ṣúgà sí i."

"Alfa, ẹnu tó ń tọ́ ọtí wò náà nìyí o. Ṣé kò ní ba oyin yín jẹ́?"

"Ọtí ni mo kọ̀, Ìyá. N ò kọ ẹnu yín."

Ìyá á da oyin díẹ̀ sínú gíláàsì mìíràn, á tọ́ ọ wò. Lọ́pọ̀ ìgbà, á dojú rẹ̀ bolẹ̀. Alfa á sì yí padà bá olóyin tó dúró lójú títì, á ní, "Gbé ṣúgà ẹ máa lọ."

Àmọ́ mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé ó dùn ún bá gbé. Kò dùn ún bá gbé. Ọbẹ̀ tí mo kọ́kọ́ sè nílé ọkọ, mo bù ú wá fún un pẹ̀lú ayọ̀. Ó tọ́ ọ wò, ó ní, "Iyọ̀ lo sè, o wá fi ata sí i." Mo sunkún délé. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta, mo ti ní ọmọ-ọmọ báyìí, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dun mí tí mo bá ń sè.

Èyí tó burú jù ni ti ìyá mi. Òun ni àkọ́bí rẹ̀. Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, gbogbo wa là ń sọ fún un pé yóò dìde. Pásítọ̀ sọ bẹ́ẹ̀, dókítà náà sọ nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀. Ìyá Àgbà nìkan ni kò sọ ọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyá mi dì í lọ́wọ́ mú, ó ní, "Màámi, ṣé màá dìde níbí?" Mo wo ojú Ìyá Àgbà. Mo ń bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn mi pé kó parọ́ ẹyọ kan ṣoṣo yìí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fọwọ́ pa ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Ó ní, "Mo wà níbí."

Ìyá mi kò dìde níbẹ̀ mọ́. Inú bí mi sí Ìyá Àgbà fún ìgbà pípẹ́. N ò mọ̀ bóyá ó ti tán nínú mi.

Àbíkẹ́yìn rẹ̀ ni Bọ̀ọ̀dá Láńre. Àbúrò ìyá mi ni, àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ, inú ṣọ́ọ̀bù yẹn la jọ dàgbà sí. Tí a bá sọ pé Ìyá le mọ́ gbogbo wa, ó le mọ́ ọn jù. Nígbà tó yege ìdánwò, tó gbé ìwé ẹ̀rí wá hàn án, Ìyá ṣíjú wò ó, ó ní, "O tó bẹ́ẹ̀. O lè ju bẹ́ẹ̀ lọ." Ó mú ọmọbìnrin kan wálé pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ. Ìyá fún ọmọ náà lómi, wọ́n sọ̀rọ̀ dáadáa, wọ́n rẹ́rìn-ín. Bí ó ṣe jáde báyìí, Ìyá mú ife tó fi mumi, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀. Bọ̀ọ̀dá kò fẹ́ ọmọ náà mọ́. Ẹlòmíràn ló fẹ́, kò sì mú òun wá kí Ìyá kó tó gbé e níyàwó.

Ilé ìpọntí kan ní Èkó ló ti ṣiṣẹ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tó padà wálé, ó kó gbogbo ohun tó ní lé ilé ìpọntí kékeré tirẹ̀, lọ́nà Ìpetumodù. Ọtí dúdú ni òun fẹ́ máa pọn, èyí tó ní kọfí nínú. Ó wá bá Ìyá ní ṣọ́ọ̀bù, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

"Màámi, mo ti ń pe àwọn èèyàn láti Èkó, àwọn tí yóò bá mi tà á. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ wá tọ́ ọ wò níwájú wọn. Gbogbo Ifẹ̀ ló mọ ẹnu yín."

Ìyá ní, "Tí kò bá dáa ńkọ́?"

Bọ̀ọ̀dá rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, Màámi. Mo mọ̀ pé ó dáa."

Ìyá ní, "A jẹ́ pé kì í ṣe èmi lo ń wá."

Síbẹ̀, ó lọ. Ó ti darúgbó gan-an nígbà yẹn, èmi ni mo dì í mú wọ ọkọ̀. Ó wé gèlè funfun. Wọ́n ti to àga sí àgbàlá ilé ìpọntí náà, wọ́n gbé e jókòó sí iwájú. Àwọn ará Èkó pọ̀, ọ̀dọ́ ni púpọ̀ nínú wọn. Wọ́n gbé ìgò tó tutù nini wá, Ìyá fọwọ́ tì í. Gbogbo èèyàn sì dúró, wọ́n ń wo ara wọn, títí ìgò náà fi dẹ́kun lílàágùn.

Ìgbà tí wọ́n ṣí i, òórùn kọfí tí wọ́n sun dáadáa gba gbogbo àgbàlá. Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́, òórùn náà dára. Ìyá gbé gíláàsì sókè sí oòrùn. Etí rẹ̀ pupa. Ó hó bó ṣe yẹ, ìfófòó rẹ̀ ní àwọ̀ bíi ti ewé gbígbẹ. Ó bù ú sẹ́nu. Ojú Bọ̀ọ̀dá Láńre ló ń wò. Èmi náà wo Bọ̀ọ̀dá: ọkùnrin tó ti hu ewú, ó dúró, ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ sẹ́yìn bí ọmọ tó ń dúró de èsì ìdánwò.

Ìyá gbé e mì. Ó rọra dojú gíláàsì bolẹ̀.

Ni àwọn èèyàn bá bú sí àtẹ́wọ́. "Màmá ti mu ún tán! Ẹ wò ó, kò ku ẹ̀kán kan!" Ọmọbìnrin kan sáré wá pẹ̀lú ẹ̀rọ ayàwòrán, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé ọwọ́ yín kúrò lórí ẹ̀!" Iná kọ mànà.

Ìyá yíjú sí mi. "Kí ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún?"

"Wọ́n rò pé ẹ gbádùn rẹ̀ débi pé ẹ fẹ́ fi hàn wọ́n pé ó tán ni, Ìyá. Ṣé kí n sọ fún wọn?"

Ó wo àwọn àlejò náà, ó wo ọmọ rẹ̀ tí gbogbo wọn ń bọ̀ lọ́wọ́, tí kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Fi wọ́n sílẹ̀. Ẹni tó yẹ kó gbọ́ ti gbọ́."

Ìgbà kan ṣoṣo nìyẹn tí mo rí i tó dáàbò bo ẹnì kan lọ́wọ́ ẹnu ara rẹ̀.

Nínú ọkọ̀ bí a ṣe ń padà, mo bi í léèrè. Ó ní, "Ó korò lókè, ó kan nísàlẹ̀. Ó fi kọfí bò ó." Mo ní èmi náà mu díẹ̀, mi ò rí kíkan kankan níbẹ̀, ó tilẹ̀ dùn mọ́ mi. Ó ní, "Torí kọfí ló kọ́kọ́ kí ẹ."

Láti ọjọ́ náà, Bọ̀ọ̀dá Láńre kò wá sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ó ń fi nǹkan ránṣẹ́, iṣu, epo, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Òun fúnra rẹ̀ kò wá. Lójú oorun ni Ìyá kú sí, ìgbà náà la tó rí Bọ̀ọ̀dá nínú ilé. Ó sunkún débi pé ẹnu ya wa.

Kò pẹ́ sí ìsìnkú ni àwòrán jáde. Mo kọ́kọ́ rí i ní Ẹnuwá, wọ́n tẹ̀ ẹ́ gàgàrà sórí pátákó, inú mi dùn, kí n má parọ́. Mo ní, ẹ wo Ìyá mi! Alfa ló là mí lójú. Ó gbé òfìfo ìgò kan wá, tí ẹnì kan sọ sẹ́nu ọ̀nà ilé kéwú rẹ̀. Ìka méjì ọwọ́ òsì ló fi mú un, bébà ló sì fi wé ọrùn rẹ̀.

"Ìyá Bùkọ́lá, mi ò mọ nǹkan tí wọ́n kọ síbẹ̀ o. Àmọ́ ẹ bá mi wò ó. Ṣé gíláàsì yẹn kò dojú bolẹ̀ báyìí?"

Mo gba ìgò náà. Mo wò ó.

Alfa ní, "Ẹni tó ṣe èyí, ṣé kò mọ Ìyá rárá ni?"

Mo ní, "Ọmọ rẹ̀ ni."

"Ìnnálílàhí," ni Alfa wí. Ó gba ibẹ̀ lọ láì kí mi pé ó dàbọ̀.

Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣe mọ́, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìpetumodù. Mo bá Bọ̀ọ̀dá Láńre lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àgbá irin ńlá tó fi ń pọn ọtí. Ó dìde. "Àbẹ̀kẹ́! Ṣé kò sí?" Mo ní kò sí. Mo gbé ìgò náà síwájú rẹ̀, mo yí àwòrán kọjú sí i.

"Bọ̀ọ̀dá, inú ṣọ́ọ̀bù yẹn la jọ dàgbà sí."

"Ibẹ̀ ni."

"Ẹ mọ ohun tí Ìyá ń sọ nínú àwòrán yìí."

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ẹ sì gbé e jáde."

Ó jókòó padà. "Ta ló kù tó mọ̀ ọ́n? Àwọn tó ń já ọtí nígbà yẹn ti lọ. Àwọn tó ń mu ún ti lọ. Ó ku ìwọ, ó ku Alfa tí kì í mu ún."

"Ẹ yọ ọ́ kúrò, Bọ̀ọ̀dá. Wọ́n á máa sọ pé ó fọwọ́ sí ohun tí kò fọwọ́ sí."

"N ò ní yọ ọ́." Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè rárá. "Gbogbo ohun tí mo gbé wá fún un láyé mi, ó dojú ẹ̀ bolẹ̀, ó padà sórí àga, ó fi mí sílẹ̀ ní ìdúró. Èyí, èmi àti òun la jọ máa rù ú kiri."

Mo ti fẹ́ máa lọ. Àmọ́ ohun kan wà tí Ìyá ní mi ò gbọdọ̀ sọ nígbà tó wà láyé, mo sì rò pé ikú ti tú ìyẹn. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ó ń béèrè yín. Títí ó fi kú ló ń béèrè pé, 'Ṣé Láńre ti tún un pọn?' Ó ní tí ẹ bá ti tún un pọn, kí ẹ gbé e wá. Ó ní kí n má ránṣẹ́ pè yín, kí ẹ gbé e wá fúnra yín."

Bọ̀ọ̀dá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka họ bébà ara ìgò náà.

Mo ní, "Ṣé ẹ tún un pọn?"

"Ọjọ́ kejì tí ẹ wá, mo tọ́ ọ wò ní lílọ́wọ́ọ́rọ́," ló wí. "Ó kan. Mo da gbogbo ẹ̀ nù, mo bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Èyí tí à ń tà yìí, kò kan. Ìyá ò tọ́ ọ wò rí."

"Nígbà wo lẹ pọn ọ́n tán?"

"Ìyá ṣì wà láyé."

Mi ò mọ ẹni tí ǹ bá bínú sí mọ́ nínú àwọn méjèèjì.

"Kí ló dé tí ẹ ò gbé e lọ, Bọ̀ọ̀dá?"

Ó gbójú sókè. "Tó bá tún dojú ẹ̀ bolẹ̀ ńkọ́, Àbẹ̀kẹ́?"

Ó dìde, ó lọ ṣí ìgò kan, èyí tí kò tutù. Ó da díẹ̀ sínú gíláàsì, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi, èmi àbúrò rẹ̀. "Ìwọ bá mi tọ́ ọ wò."

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo rọra gbé e sórí tábìlì bó ṣe wà, láì fẹnu kàn án. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹnu tèmi kọ́ lẹ ń wá."